Dígí Titaina, Ìdí Ravahere

Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó ga, omi ọ̀sà erékùṣù Huahine máa ń mọ́ gaara débi pé ọkọ̀ kì í jọ ohun tó wà lórí omi mọ́. Á dà bí ohun tí wọ́n so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹja á máa fò kọjá nísàlẹ̀ bí ẹyẹ, òjìji ọkọ̀ á sì máa sá tẹ̀ lé e lórí iyanrìn funfun.

Àárín ohun tí kì í ṣe omi, tí kì í ṣe òfúrufú yìí, ni Ravahere ń gbé. Orí ilẹ̀ kàn jẹ́ ibi tó ń sùn sí ni.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ kò mọ nǹkan kan lára: kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù. Èèrà lè kọ́lé síbẹ̀ kí wọ́n tún ṣí i pẹ̀lú àdúrà. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò kú, wọ́n kàn ń sùn ni. Bó bá ti wọ ọkọ̀, á fọwọ́ pa wọ́n lórí bí ẹni ń rẹ ìbejì, á ní, "Ẹ máa sùn, ọmọ mi. Bá a bá dé ìparí eré, màá jí yín."

Wọn ò jí rí. Ṣùgbọ́n wọ́n bá a gba ife méjì.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń díje níbẹ̀, va'a ni wọ́n ń pè é. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo ẹ̀wà, wọ́n sì de igi kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń léfòó bí apá téèyàn nà sórí omi kó má baà dojú dé. Àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń sọ pé ọkọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀, apá kan ṣoṣo ló ní. Ravahere náà á dáhùn pé, "Èmi náà ò lẹ́sẹ̀, mo ní apá méjì. Ẹ pa wá pọ̀, a di alápá mẹ́ta. Ta ló fẹ́ bá alápá mẹ́ta díje?"

Igi gbẹ̀rẹ́fútù ẹ̀yìnkùlé ló fa gbogbo rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, Màmá Tetua, ìyá ìyá rẹ̀, ní kó fi ọ̀pá ká èso. Ọmọ náà gùn ún. Ẹ̀ka dá. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ náà dá. Nígbà tí wọ́n máa débẹ̀, èso gbẹ̀rẹ́fútù tó lọ ká ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tiẹ̀ fọ́.

Punua, àbúrò ìyá rẹ̀, gbé àáké ti igi náà. Ó ń gé e, ó ń sunkún, ó ń bú u bí ẹni ń bú olè. Lẹ́yìn náà ló fi ìtì rẹ̀ gbẹ́ ìjókòó kan tó bá inú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mu, ó ní, "Igi tó gbé ọ ṣubú ni yóò máa gbé ọ sáré."

Nígbà tí Ravahere pé mẹ́tàdínlógún, ó jókòó lórí igi yẹn, ó sì fi gba ife àkọ́kọ́ nínú eré ọkọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ní Papeete, olú ìlú wọn. Nígbà tó pé méjìdínlógún, ó tún gbà á. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ́ aṣọ pàápàá sórí ìjókòó yẹn. Ó ti di mọ̀lẹ́bí.

Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí ìdíje Papeete kẹta rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú níbẹ̀ láti lọ bá gbogbo ayé díje lókè òkun. Ojoojúmọ́ ni Ravahere ń lá àlá rẹ̀: omi kan tí kò rí rí, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò gbọ́ èdè wọn, gbogbo wọn sì ń pe orúkọ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Tetua ń bá a nu ẹ̀yìn lẹ́yìn ìwẹ̀ ló bá dúró.

"Kí ló pọ́n níbi egungun ìdí rẹ yìí?"

"Níbo, Màmá?"

"Níbi tí o fi ń jókòó. Ó pọ́n bí ẹnu aparò. Kò dùn ọ́ ni?"

"Mi ò mọ nǹkan kan lára."

"Tí kò bá dùn ọ́, kò le nìyẹn," ni ìyá àgbà wí, ó sì lọ gbé ìgò monoi wá.

Monoi ni òróró àgbọn tí wọ́n rẹ òdòdó tiare sínú rẹ̀. Nílé Màmá Tetua, monoi ni oògùn ẹ̀fọn, monoi ni oògùn orí fífọ́, monoi ni oògùn ilẹ̀kùn tó bá ń han. Ó da òróró sójú ibẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò wọ́ ọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rún un bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò.

Punua yọjú lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn síbi tí wọ́n wà. "Màmá, ẹ fi sílẹ̀ fún òkun. Iyọ̀ á jẹ ẹ́ gbẹ. Ta ló rí ẹja tó ní egbò ìdí rí?"

"Ẹja kì í jókòó, Punua," ni Màmá Tetua dá a lóhùn.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ti jáde lẹ́nu ìyá àgbà, ó jókòó sáàárín ilé, kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀.

Ravahere ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò rí i pé ká fi tìmùtìmù díẹ̀ sórí ìjókòó yẹn?"

"Tìmùtìmù!" Punua fọwọ́ mú àyà bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún. "Lórí igi tó gba ife méjì? Igi yẹn mọ̀ ọ́, o mọ̀ ọ́n. Ṣé o fẹ́ fi fóòmù sáàárín tọkọtaya ni?"

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ojú ni wọ́n mẹ́nu bà. Wọn ò sọ fún wa pé igi náà lè gba ibòmíràn wọlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, láti àfẹ̀mọ́jú títí oòrùn fi ń wọ̀, Ravahere wà lórí omi. Aṣọ rẹ̀ tutù mọ́ ọn lára, ìjókòó le lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì na àjẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ń fi ara ha igi. Ọjọ́ kan ló rí àbàwọ́n lára ṣòkòtò eré. Ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ kí Màmá Tetua tó jí. Ó mọ̀ pé bí nọ́ọ̀sì bá rí i, wọ́n máa ní kó dúró sílé. Ìdíje ti ku ọjọ́ mẹ́jọ. Lójú rẹ̀, ohun tí kò bá dùn ún kò sí.

Sátidé yẹn, wọ́n ṣe eré ìgbaradì kan ní Huahine, àwọn awakọ̀ sì wá láti erékùṣù tó yí wọn ká. Titaina wà lára wọn, obìnrin ará Raiatea, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ni òun náà wà. Lẹ́ẹ̀mejì tí Ravahere gba ife, Titaina ló ṣe ìkejì.

Titaina ní ìwà kan tó ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín. Dígí kan tó ní ọwọ́ ìdìmú wà nínú àpò rẹ̀ nígbà gbogbo. Kó tó wọ ọkọ̀, á gbé dígí wọ àgọ́. Bó bá jáde nínú ọkọ̀, á tún gbé dígí wọ àgọ́. Ravahere ti sọ ọ́ ní Ìyàwó Dígí.

"Ẹ̀gbọ́n Titaina," ló kígbe létí omi, "ojú yín ò tíì yí padà láti àná o! Ẹ jẹ́ kí dígí yẹn sinmi!"

"Ojú kọ́ ni mò ń wò, àbúrò."

"Kí lẹ wá ń wò? Ìrù?"

Gbogbo etí omi bú sẹ́rìn-ín. Titaina náà rẹ́rìn-ín. "O sún mọ́ ọn," ló wí.

Wọ́n fun ìkarahun bí fèrè, eré bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan ṣe Ravahere lọ́jọ́ náà. Omi kò rí bí omi mọ́, ó dà bíi wàrà lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Àjẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, kò ta omi sókè, kò pariwo. Ó ń gbọ́ orin ìjọ láti ìsàlẹ̀. Ó wolẹ̀, ó rí àwọn ẹja tó dé fìlà òdòdó bí àwọn ìyá ìjọ ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n tò sí ìlà, wọ́n ń kọrin. Ó fẹ́ bá wọn gbè é. Ó gbọ́ tí àwọn èèyàn hó létí omi nígbà tó kọjá òpó ìparí ṣáájú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ariwo yẹn jìnnà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú yàrá kejì. Kò dúró. Ó ń wakọ̀ lọ.

"Ẹ wò ó!" Punua ń fò sókè létí omi. "Ó gba ti Huahine tán, ó tún fẹ́ lọ gba ti Amẹ́ríkà!"

Ibi tí omi ọ̀sà ti ń bọ́ sínú òkun gan-an ló dorí kọ, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ mọ́ òkúta.

Titaina, tó ṣe ìkejì fún ìgbà kẹta, yí ọkọ̀ padà, ó sì gbá tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ń pariwo, "Ìyàwó Dígí, eré ti parí! O ti pàdánù! Máa bọ̀ nílé!" Ó túbọ̀ na àjẹ̀. Kò wa ọkọ̀ tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó fi máa gbá apá ọkọ̀ Ravahere mú, omi ìgbì ti ń ta sí wọn lójú.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹsẹ̀ mi ti jí," ni Ravahere wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Wọ́n wà níwájú níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń sáré lọ. Wọ́n ní àwọn ti ń sunkún pè mí látọjọ́ yìí, mi ò létí."

Titaina fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Iná ni.

Titaina fa ọkọ̀ Ravahere padà sétí omi. Nígbà tí wọ́n gbé e wọ àgọ́, Titaina lé gbogbo ọkùnrin jáde. Ó ku òun, Màmá Tetua àti Ravahere tó nà sórí ẹní.

"Ìgbà wo lo wo ìdí rẹ kẹ́yìn?"

Ara Ravahere gbóná, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rẹ̀. "Ẹ wò ó, ẹ ò lè borí mi lórí omi, ẹ wá fẹ́ borí mi nínú àgọ́. Ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ara mi ò yá, kẹ́yin lè lọ sókè òkun."

"Gba dígí."

"Mi ò fẹ́ ṣaralóge."

"Mo ní kó o gbà á, ọmọdé yìí!"

Màmá Tetua yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ravahere gbé dígí sẹ́yìn, ó ń wá ibi tó máa dojú ẹ̀ kọ. Ó rí i. Níbi tí ìyá àgbà ti rí pípọ́n, ihò ló wà níbẹ̀, ìka lè wọ̀ ọ́, etí rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ sì rí bí ẹja tó ti pẹ́ lóòrùn.

"Ìdí ta lèyí?" ló bi wọ́n, jẹ́jẹ́.

Màmá Tetua bú sẹ́kún. "Èmi ni mo ń fi òróró pa á. Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́."

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín, Màmá. Ẹni tí kò mọ̀, kò mọ̀ ni." Titaina jókòó tì wọ́n. "Ẹ gbọ́. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá jókòó pẹ́, ìdí á ta á, á sún díẹ̀. Kò ní mọ̀ pé òun sún. Ara ló ránṣẹ́ sí orí, orí ló dáhùn. Tèmi àti tirẹ, àbúrò, afárá tí ìránṣẹ́ ń gbà ti wó. Egungun á tẹ ẹran mọ́ igi, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà kọjá, ẹran á máa kú díẹ̀díẹ̀, o ò ní mọ̀. Omi tó wà láṣọ á jẹ́ kí awọ rọ̀, ìfara-ha-igi á bó o. Bí o bá tún fi ọwọ́ rún ibi tó ti pọ́n, ò ń fọ́ ohun tó kù ni."

"Iyọ̀ òkun ńkọ́?"

"Ìdọ̀tí wà nínú òkun bó ṣe wà nínú omi ìfọṣọ. Kì í ṣe oògùn egbò." Ó gbé ìdí tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi àpá kan hàn wọ́n, ó jìn, ó sì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. "Kó o tó gun igi gbẹ̀rẹ́fútù, èmi ni mo máa ń gba ife ní Papeete. Kò sẹ́ni tó rántí. Ọdún méjì ni mo fi dojú bolẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní irú rẹ̀ kò dìde mọ́. Ìgbà yẹn ni mo ra dígí. Ojú ló kù tó máa jíṣẹ́ tí ara ò lè jẹ́ mọ́."

Ravahere di dígí náà mú, kò lè wo Titaina lójú. Gbogbo ọdún tó fi ń pè é ní Ìyàwó Dígí ń kọjá níwájú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Faatau, tó wà nílé ìwòsàn abúlé, wo egbò náà, ó ní, "Bí o bá tún jókòó sínú ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, eré tí o máa lọ kò ní òpó ìparí." Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Papeete.

Ó dé Papeete lóòótọ́ ṣáájú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ díje. Àmọ́ ó dé ibẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, afẹ́fẹ́ gbé ariwo etí omi wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó pa ojú dé, ó ń na apá lórí ibùsùn, àjẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ń wọ omi tí kò sí nílẹ̀. Wọ́n pe orúkọ ẹni tó borí. Titaina ni.

Oṣù mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ọjọ́ tó padà délé, òórùn gbẹ̀rẹ́fútù sísun ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Màmá Tetua wà nídìí iná. Ravahere wo iná náà dáadáa.

"Màmá! Ìjókòó mi kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni." Ìyá àgbà fi igi yí èso náà padà. "Ó gbé ọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dárí jì í. Ó tún bù ọ́ jẹ. Jẹ́ kó sun ọmọ ara rẹ̀ fún wa jẹ."

Punua dúró lẹ́bàá iná, ó ń fi apá aṣọ nujú, ó ní èéfín ni. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ púpọ̀ jù.

Titaina ti òkè òkun dé, ó sì gbé ìjókòó tuntun wá bá wọn, tìmùtìmù rẹ̀ nípọn, ó sì rọ̀. Ó kọ́ Ravahere bí yóò ṣe máa fi apá gbé ara sókè díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Punua ní òun ni aago. Ó gbé ìkarahun dání, ó ń fun ún létí omi. Ó wọ̀ ọ́ lẹ́wù débi pé ó fun ún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú. Ravahere gbé ìdí sókè. Màmá Tetua gbé ìdí sókè. Díákónì tó ń ka Bíbélì náà gbé tirẹ̀, kó tó rántí pé ìdí òun kò ṣàìsàn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Ravahere tún gbá ojú omi Papeete mú. Omi náà mọ́ bíi ti ilé, ọkọ̀ rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sùn jẹ́jẹ́. Òun àti Titaina jọ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ẹni méjì tó ń lá àlá kan náà, títí tó fi ku díẹ̀ kí wọ́n dé òpó. Ravahere fi ìwọ̀n apá kan ṣáájú. Wọ́n dé e ládé òdòdó, wọ́n fún un ní ife fàdákà ńlá. Wọ́n fún Titaina ní àwo fàdákà.

Ravahere kò dúró ya fọ́tò. Àgọ́ ló sáré wọ̀, Màmá Tetua sì tẹ̀ lé e.

"Màmá, dígí mi dà?"

Ìyá àgbà fọwọ́ bo ẹnu. "Mo fi ṣe fìlà mi dáadáa nínú ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀. Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ gbé ife yẹn wá! Ó ń dán."

Ó gbé ife sẹ́yìn, ó wò ó. Ó figbe ta.

"Màmá! Ó ti padà dé! Ó ti wú! Ó tóbi bí elégédé!"

Màmá Tetua ṣubú lulẹ̀, ó ń ké pe Jésù. Punua gbọ́ níta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fun ìkarahun bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Titaina ti kẹ̀kẹ́ wọlé, ó wo Ravahere, ó wo ife, ó sì gbé àwo fàdákà tirẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ kalẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

"Tún un wò."

Ravahere wò ó. Awọ ara rẹ̀ dán, ó rọ̀, kò pọ́n, kò bó.

"Ife ló wú, àbúrò," ni Titaina wí. "Ìdí ò wú."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn yìí dé ibí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má wa ọkọ̀ láyé yín. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí bàbá nílé yín tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ sójú kan? Ṣé ẹ ò ní aládùúgbò tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn? Egbò yìí ń bẹ fún wọn bó ṣe wà fún Ravahere. Kì í dunni, kì í tani, ibẹ̀ gan-an lewu rẹ̀ wà.

Ẹ máa wo ara wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, gbogbo ibi tí egungun bá ti sún mọ́ awọ. Ẹni tó lè dá wò ó, kó ra dígí pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá jókòó, kó máa gbé ara sókè lóòrèkóòrè. Ẹni tó dùbúlẹ̀, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jókòó lórí ohun líle láìsí tìmùtìmù, ẹ sì tètè bọ́ aṣọ tó bá tutù lára rẹ̀. Bí ibì kan bá pọ́n, ẹ gbé ara kúrò lórí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí aláwọ̀ dúdú bá ni, ó lè má pọ́n rárá. Ó lè dúdú sí i, ó lè le, ó sì lè gbóná ju ara yòókù lọ, nítorí náà ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ má rún un, ẹ má da òróró sí i, ẹ má sì bu omi òkun sí i. Bí ibà bá wá tẹ̀ lé egbò, ẹ má ṣe di ọjọ́ kejì.

Wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Bó ṣe rí fún ìpàkọ́ ló rí fún ìdí. Ẹni tó ń sùn kò lè pariwo pé ilé ń jó. Ẹni tó lajú ló ń ṣọ́ ọ.